A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ilé Wa, Títì Wa àti Káńsù ní Erékùṣù Èkó

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa. Fọ́tò ilé ẹbí kan ni, ní àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa fa àmì X gàdàgbà sára ògiri rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kún bí omi ọ̀sà. Èyí ní ká pe lọ́yà, èyí ní ká lọ bá Kábíyèsí, ẹnì kan láti Lọ́ńdọ̀nù ní ká dá owó jọ kíá, òmíràn láti Houston kàn ń ṣépè ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, mo wá rí i pé kò sí ẹnì kankan nínú wa tó béèrè ìbéèrè kan báyìí: ìgbà wo ni wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ lórí àdúgbò yẹn, ta sì ni ọmọ wa tó wà níbẹ̀?

Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá sí i, torí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń jókòó lórí ilé wa, omi wa àti títì wa. Nígbà mìíràn a wà níbẹ̀, nígbà mìíràn a ò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ìkọ̀ọ̀kan jáde.

Owó omi, àti ilẹ̀ Àpápá

Ní 1908, ìjọba òyìnbó ń gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ láti Ìjù wá sí Èkó, wọ́n sì ní àwọn onílé ni yóò máa san owó rẹ̀. Aráàlú yarí. Wọ́n ní àwọn ní kànga, wọ́n sì ní àwọn òyìnbó ló máa jẹ ìgbádùn omi náà jù. Dókítà John Randle àti Dókítà Orísádípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní People's Union sílẹ̀ láti tako ọ̀rọ̀ náà. Omi yẹn padà dé ní 1915, owó omi náà sì tẹ̀ lé e, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1916. A ò borí, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìjọba ti mọ̀ pé Èkó lẹ́nu.

Ìkejì tún wá ju ìyẹn lọ. Ìjọba gba ilẹ̀ ńlá kan ní Àpápá lọ́wọ́ ìdílé Olúwa. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ tí Olóyè Olúwa ní lórí ilẹ̀ náà kò tó nǹkan, nítorí náà owó táṣẹ́rẹ́ ló tọ́ sí i. Amodu Tijani, tó jẹ́ Olóyè Olúwa nígbà náà, ní rárá o. Ó gbé ẹjọ́ náà títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó lọ́wọ́. Ní 1921, ilé ẹjọ́ dá Olúwa láre: ìdílé àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló ni ilẹ̀, nítorí náà kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà pé. £22,500 ni wọ́n san níkẹyìn. Ẹ fi ẹjọ́ yìí sọ́kàn, torí a ó tún padà dé ìdí rẹ̀.

Eku ló mú LEDB wá

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Kòkòrò tó ń gbé ara eku ló máa ń bu èèyàn jẹ. Ibà á mú onítọ̀hún, abíyá tàbí ìpakùn rẹ̀ á wú, ọ̀pọ̀ ni kò sì bọ́ níbẹ̀. Àrùn náà ń lọ, ó ń bọ̀, títí di nǹkan bí 1930.

Ìjọba wo ilé wa, wọ́n ní ilé tó há gádígádí, tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀, tí gọ́tà rẹ̀ ò ṣàn, ilé eku ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ìdí tí ilé wa fi há. Erékùṣù la wà, ilẹ̀ ò lè fẹ̀ ju bí Olódùmarè ṣe dá a lọ. Bàbá kọ́ ilé, ọmọ kọ́ yàrá mọ́ ọn, ọmọ ọmọ tún kọ́ ti ẹ̀ sí àgbàlá. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá tà. Bí Èkó sì ṣe di èbúté ńlá, tí ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ojú irin ń kó èèyàn dé láti ibi gbogbo, àwọn àlejò náà ń wá yàrá tí wọ́n á yá gbé. Yàrá kan á wá di ti èèyàn mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà.

Ní 1928, ìjọba ṣòfin ètò ìlú fún Èkó, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí LEDB, ìyẹn Lagos Executive Development Board. Ìgbìmọ̀ yìí lágbára láti gba ilẹ̀, láti wó ilé, láti la títì. Oko Awo wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, wọ́n sì la ojú Yábàá pẹ̀lú kí àwọn èèyàn lè ráyè tẹ̀ dó sí òdìkejì omi.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nínú èyí ni pé ìjọba ló ń yan ìgbìmọ̀ LEDB. Aráàlú ò dìbò fún wọn. Bí inú bá bí ìyá kan ní Ìdúmàgbò sí wọn, kò sí ọjọ́ kan tó máa dé tó máa fi ìbò lé wọn kúrò.

Ìbò wà níbòmíràn. Ní 1950, gbogbo àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, láǹfààní láti dìbò yan àwọn ọmọ Káńsù Ìlú Èkó, ìjókòó 24. Ẹgbẹ́ NCNC àti Demo ti Macaulay jọ mú 18. Dókítà Ibiyinka Olorun-Nimbe di méyọ̀, òun sì nìkan ni méyọ̀ tí Èkó tíì ní, torí nígbà tó di 1953, wọ́n ti pa ipò náà rẹ́. Ní 1954, Èkó di ti ìjọba àpapọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àtùpà méjì ṣe ń jó nínú ilé kan: káńsù tí a dìbò yàn, àti ìgbìmọ̀ LEDB tí ìjọba yàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ńlá dé, ọwọ́ LEDB ni katakata wà.

Ọdún 1955

Òmìnira ti ń súnmọ́lé. Àwọn àgbà ìjọba ń wo Èkó pé ibẹ̀ ni olú ìlú orílẹ̀-èdè tuntun, àlejò máa wá láti gbogbo ayé, ojú sì ń tì wọ́n fún ohun tí àlejò máa rí láàárín ìlú. Ní 1955, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ láti wó àwọn ilé tó há ní àárín gbùngbùn erékùṣù wa, lórí ilẹ̀ tó tó 70 éékà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ rò ó báyìí: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì pápá bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ ló sì kún fún agbo ilé, mọ́ṣáláṣí, ìsọ̀ àti ojú oórì àwọn bàbá ńlá.

Lórí ìwé, ètò náà dára. Wọ́n á wó àwọn ilé, wọ́n á la títì gbòòrò, wọ́n á fa omi àti gọ́tà, wọ́n á wá pín ilẹ̀ náà padà ní pọ́ọ̀tù pọ́ọ̀tù. Wọ́n á san owó gbà-máà-bínú fún onílé. Ní ti àwọn tí ń gbé inú ilé, wọ́n á fún wọn ní ilé tuntun ní Sùúrùlérè, pẹ̀lú owó ilé tí ìjọba bá wọn dín kù. Ẹni tó bá sì ní ilẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè wá rà á padà.

Kí ló wá burú níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, iye tí onílẹ̀ máa fi ra ilẹ̀ rẹ̀ padà ju iye tí wọ́n san fún un lọ, ó sì tún gbọ́dọ̀ kọ́ ilé tó bá òfin tuntun mu sórí rẹ̀. Ìdílé mélòó ló ní irú owó bẹ́ẹ̀? Ìkejì, ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí wọ́n bá san owó ilé tí ogún èèyàn jọ ni, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó mú tirẹ̀, ó ti di owó ọbẹ̀. Ilé lọ, owó lọ, ìjà ẹbí ló kù nílẹ̀. Ìkẹta ló wá burú jù: wọ́n ka ilé, wọ́n ka éékà, wọn ò ka bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ìyá mi. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Jáńkárà. Láti ẹnu ọ̀nà agbo ilé wọn dé ìsọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín. Nígbà tí ara wọn ò yá dáadáa mọ́, àwọn ọmọ àbúrò wọn ló ń bá wọn gbé igbá lọ, tó ń bá wọn gbé e bọ̀. Ní àárọ̀, ìyàwó ilé kan á bu ẹ̀kọ wá. Ní ọ̀sán, ọmọ kan á yà kí wọn, á fi kọ́bọ̀ mélòó kan sábẹ́ ẹní. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń pè é ní owó ìfẹ̀yìntì, àmọ́ òun gan-an ni. Àgbàlá yẹn ni báǹkì wọn, òun náà sì ni ilé ìwòsàn wọn.

Wọ́n kó wọn lọ Sùúrùlérè. Ilé náà ò burú, màmá fúnra wọn ló sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Omi ẹ̀rọ wà, ilé ìdáná wà, ilé ìyàgbẹ́ wà tó jẹ́ tiwọn, agbépòó ò sì gba iwájú wọn kọjá lóru mọ́. Ṣùgbọ́n ìdílé kan, ilé kan ni wọ́n fi pín in. Àbúrò wọn ọkùnrin wà ní òpópónà mìíràn, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn lọ yá yàrá ní Èbúté Mẹ́ta. Jáńkárà wá di ìrìn àjò. Afárá Carter nìkan ló so erékùṣù mọ́ òkè nígbà náà, ẹ wá lọ rò ó, obìnrin tó ti dàgbà, pẹ̀lú igbá èlùbọ́, nínú bọ̀lẹ̀kájà, láàárọ̀ àti lálẹ́. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Wọ́n wá ní kí wọ́n tà á síwájú ilé ní Sùúrùlérè. Ta ló máa rà á? Gbogbo obìnrin tó wà ní òpópónà náà ló jẹ́ ọlọ́jà láti erékùṣù, gbogbo wọn ló ń wá oníbàárà. Màmá máa ń fi orúkọ àdúgbò náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní sùúrù yẹn làwọn rí, àwọn ò tíì rí èrè rẹ̀.

Kì í ṣe ti màmá nìkan. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris wá sí Èkó lọ́wọ́ ìparí àwọn ọdún 1950, ó fọ̀rọ̀ wá àwọn ìdílé tó ṣì wà láàárín ìlú àti àwọn tí wọ́n ti kó lọ Sùúrùlérè lẹ́nu wò. Ó kọ ìwé lé e lórí ní 1961, *Family and Social Change in an African City*. Ohun tó bá níbẹ̀ bá ti màmá mu: ọjà àwọn obìnrin ṣubú, owó ọkọ̀ ń pa wọ́n, àwọn arúgbó tí ẹbí ń tọ́jú lójoojúmọ́ wá di ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan tilẹ̀ padà sí erékùṣù, wọ́n lọ yá yàrá tó há ju èyí tí wọ́n wó lọ. Ìwé yẹn di ohun tí wọ́n ń kà ní yunifásítì káàkiri ayé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ètò ìlú níbi gbogbo ń fi ìyà Ìsàlẹ̀ Èkó kọ́gbọ́n, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ò tilẹ̀ gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀.

Káńsù náà ò kàn káwọ́ gbera, ó yẹ ká sọ ìyẹn. Ní 1958, Káńsù Ìlú Èkó ra iṣẹ́ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tó jẹ́ ti Zarpas, wọ́n sọ ọ́ di ti ìlú. Ọkọ̀ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aráàlú, òun náà ló sì gbé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti kó lọ sí òkè padà wá sí ẹnu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí: ìgbìmọ̀ tí a ò yàn ló gbé wa jìnnà, káńsù tí a yàn ló wá ń wá ọkọ̀ tó máa gbé wa padà. Bí àwọn méjèèjì bá ti bá ìyá ẹlẹ́lùbọ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọn ì bá ti mọ̀ pé ọkọ̀ àti ọjà ló yẹ kó ṣáájú ilé.

X kan kì í ṣe bí èkejì

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ka èyí, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí wọ́n má wó ilé kankan mọ́ ni?" Rárá o. Ẹ rántí ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta, 2019, ní Ìta Fàájì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ wó lulẹ̀. Ó kéré tán, èèyàn 20 ló kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ti fàmì sí ilé yẹn pé kí wọ́n wó o. Tí àmì bá wà lára ilé, tí àwọn tó ni ín ń gba owó ilé lọ, tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀, ta la fẹ́ bá wí?

Nítorí náà, ká tó pariwo, ká kọ́kọ́ béèrè. Ṣé torí pé ilé náà fẹ́ wó ni, àbí torí títì tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ ni, àbí gọ́tà ni ilé náà jókòó lé? Ìdáhùn yàtọ̀, ohun tó yẹ ká ṣe náà yàtọ̀. Èyí tó jẹ́ ewu ẹ̀mí, ká tètè kó èèyàn jáde. Èyí tó jẹ́ ti títì, ká béèrè ìwé, ká béèrè owó gbà-máà-bínú, ká béèrè ibi tí àwọn arúgbó inú ilé náà máa sùn.

Owó gbà-máà-bínú yìí, ẹ má ṣe rò pé ó ṣì rí bíi ti ìgbà Olúwa. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ti yí i padà. Gómìnà ni òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí lọ́wọ́ láti máa bójú tó fún gbogbo wa. Tí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ohun tí ìlú nílò, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún jù, ilé, igi, ohun ọ̀gbìn. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mówó wá mọ́. Ohun tí Amodu Tijani gbà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1921, òfin yìí ti gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹni tí kò bá ní ìwé ilé lọ́wọ́, tí kò ní pílàánù, tí kò ní rìsíìtì kankan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣòro láti gbè lẹ́yìn.

Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ bó ṣe ń rí níbi tí kò ti sí ìjókòó rárá, ẹ rántí Màrókò. Ní oṣù Keje 1990, lábẹ́ ìjọba ológun, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà Èkó, wọ́n fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje péré. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ni katakata lé jáde. Díẹ̀ nínú wọn ni wọ́n fún ní ilé ní Ìlàsán àti Ìkọta, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì fọ́n ká bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀. Ọjọ́ méje ò tó ká fi ṣètò ìsọmọlórúkọ.

Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó sún mọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ ilé ẹbí gbé wa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Gọ́tà ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, pákó kan ṣoṣo ni wọ́n fi dábùú rẹ̀. A la ìyẹn kọjá. Ìgbà tí a wọlé, wọ́n ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni. Ẹ̀gbọ́n mi wo àtẹ̀gùn yẹn, wọ́n wò mí, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìsàlẹ̀. Èmi ni mo gòkè lọ sọ̀rọ̀ lórí ilé tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n mọ ìtàn rẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Kò sí ẹni tó lé wọn. Àtẹ̀gùn ló lé wọn.

Ìdí nìyí tí n ò fi gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Òfin ti wà lórí ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011, òfin yẹn ló dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀, Ààrẹ Buhari sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní 2019. Òfin àpapọ̀ yẹn fún gbogbo ilé tí aráàlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe, kí ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara àti ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn lè wọlé láìsí pé wọ́n gbé e. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kìíní 2024. Ẹ bojú wo àdúgbò yín. Ilé ìjọba mélòó ló ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn? Gọ́tà mélòó ló ní ìdérí tí kò mì? Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ mélòó ni ọkọ̀ àti àtẹ ọjà ò tíì gbà tán?

Ẹni tó bá la títì tí arúgbó lè rìn, ọmọdé á rìn ín, alábiyamọ á rìn ín, alágbàrù á rìn ín. Títì tí wọ́n bá là fún ọkọ̀ nìkan, ọkọ̀ nìkan ló máa gbádùn rẹ̀.

Kí la máa wá ṣe?

Ìwé òfin ilẹ̀ wa, ti 1999, sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà. Ó tún ka iṣẹ́ wọn sílẹ̀: ṣíṣe àti títọ́jú títì àdúgbò, iná ojú títì, gọ́tà, sísọ òpópónà lórúkọ, fífún ilé ní nọ́ńbà. Ní oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí LEDB ò fún ìyá ìyá mi, òfin ti fún wa: ẹni tí a lè bi léèrè, tí a sì lè fi ìbò lé lọ. Àmọ́ bí a ò bá lọ jókòó, ìjókòó wa á ṣófo ni, wọ́n á sì máa bá ìpàdé wọn lọ.

Ohun mẹ́rin ni mo ń bẹ̀ wá pé ká ṣe, kò sì sí èyí tó gba mílíọ̀nù nínú wọn.

Èkíní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣètò ìwé ilé ẹbí rẹ̀. Ẹ wá ìwé àtijọ́ jáde nínú àpótí Màmá Àgbà, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ tọ́jú wọn sí ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ní ẹ̀tọ́ nínú ilé sílẹ̀ báyìí, nígbà tí ìjà ò tíì sí.

Èkejì, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ kánsẹ́lọ̀ rẹ̀. Mo tún ń sọ ọ́, kánsẹ́lọ̀, kì í ṣe gómìnà. Kí ẹnì méjì máa lọ sí ìpàdé tí káńsù bá pe aráàlú sí, kí wọ́n sì wá ròyìn lórí ẹgbẹ́ yìí, kódà bí ìpàdé náà bá sú wọn. Kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì jẹ́ obìnrin ọlọ́jà. Ohun tí wọn ò béèrè ní 1955, òun ló máa béèrè.

Ẹ̀kẹta, ká tó gbé ọ̀rọ̀ gọ́tà tàbí títì kankan lọ sí káńsù, ká mú ẹnì kan tó ń fi ọ̀pá rìn, tàbí tó wà nínú kẹ̀kẹ́, ká jọ rin títì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí onítọ̀hún bá ti dúró tí kò lè kọjá, ibẹ̀ ni ká kọ sílẹ̀. Ìwé tí a bá kọ báyẹn, kò sí ẹnjiníà tó máa jiyàn rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, owó yín dára, a sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ìbéèrè yín máa ń wúlò ju owó lọ. Ẹ̀yin náà ń gbé ibi tí káńsù ti ń lẹ ìwé mọ́ òpó iná kí wọ́n tó fọwọ́ kan títì, tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ aráàdúgbò pé kí lẹ rí sí i. Ẹ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀, kí àwa náà lè béèrè irú rẹ̀ níbí.

Ní ti ilé tí fọ́tò rẹ̀ fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, àwọn àgbà ẹbí náà ti gbà kí ẹgbẹ́ bá wọn lọ. A fẹ́ kọ́kọ́ mọ irú X tó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn náà máa bá wa lọ, pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Mo ní ṣé wọ́n rántí àtẹ̀gùn? Wọ́n ní kí àwọn ará ọ́fíìsì sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn nísàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Àwọn bàbá wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ọ̀rọ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n olórí náà gbọ́dọ̀ wà nílé kí abẹ tó dé. Ẹ jẹ́ ká wà níbẹ̀.

Èkó ò ní bàjẹ́ o.